Aṣọ Orí Páànù Balùwẹ̀

Bí aṣọ bá wà lórí páànù balùwẹ̀ ilé wa, a ti mọ̀ pé ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kò sí ìlẹ̀kùn gidi níbẹ̀ nígbà náà. Pákó tí wọ́n fi ṣe é ti jẹrà láti ìsàlẹ̀, okùn ni a fi ń so ó mọ́ òpó. Aṣọ tí ẹni tó ń wẹ̀ bá ta sókè ni gbogbo wa ń wò. Bí ó bá jẹ́ ìró, obìnrin ló wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń gbé garawa omi bọ̀ yóò sì yí padà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sí yàrá. Bí ó bá jẹ́ ṣòkòtò, àwọn obìnrin yóò jókòó ti omi wọn, wọn yóò máa wo ilẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ilé náà, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rí pé, "Ta ló wà níbẹ̀?" Aṣọ ti dáhùn.

Ọlọ́dì-Àpápá ni ilé náà wà, ní ìhà ibi tí ọ̀nà ti ń yà lọ sí Amùkòkò. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé ibẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo sì ti rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Warehouse Road. Mo rò pé n óò gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rí ilé ní Àpápá gan-an, níbi tí igi ṣíji bo títì, tí ènìyàn lè rìn lábẹ́ wọn lọ́sàn-án gangan kí òòrùn má rí i. Ìgbà díẹ̀ náà ni mo ṣì wà nínú rẹ̀. Ilé yẹn ni ìyàwó mi kú sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti fò lọ. Àwọn igi Àpápá pàápàá, wọ́n ti gé èyí tó pọ̀ nínú wọn, tírélà ló ń sùn sí ìdí ìyókù. Láyé ìgbà tí mo ń wí yìí, fèrè ọkọ̀ ojú omi ló ń jí mi láàárọ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀, n óò gbọ́ ọ láti èbúté, n óò sì mọ̀ pé ayé ń retí mi.

Obìnrin tó ni ilé náà ni gbogbo wa ń pè ní Màmá Onílé. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ. Ẹbí ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ àdúgbò náà kí a tó kọ́lé sí i, nígbà tí ọkọ náà sì kú, ilé bọ́ sọ́wọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ àgbà, ẹni tí wọ́n fi ṣe alága àwọn onílé òpópónà wa. Obìnrin dáadáa ni. Kò sí aláboyún tó gbé ilé wa tí Màmá kò gbé ọbẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtìjú wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí pàṣán. Bí ó bá ń wo fíìmù ní pálọ̀, tí ọkùnrin àti obìnrin inú rẹ̀ bá sún mọ́ ara wọn díẹ̀, ìborùn rẹ̀ ni yóò jù bo ojú tẹlifísọ̀n, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ yóò sì máa gbọ́ fíìmù náà bí ẹni ń gbọ́ rédíò, títí Màmá yóò fi pinnu pé ewu ti kọjá. Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé láti ṣí i.

Kò sí obìnrin tó gbọ́dọ̀ sá àwọ̀tẹ́lẹ̀ sórí okùn láìfi ìró bò ó. Kò sí ọmọbìnrin, bó ti wù kó kéré tó, tó gbọ́dọ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ ẹ̀wù. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ọmọdé. Ìdí di "ìjókòó". Ọmú di "ibẹ̀ yẹn". Oyún kò tilẹ̀ ní orúkọ. A ó kàn rí ikùn, a ó sì rí ọmọ. Ọmọ tó bá ṣi ẹnu sọ, Màmá yóò fi ata kékeré tọ́ ọ létè, yóò sì bá a sunkún lẹ́yìn náà. Díákónì kan wà ní yàrá kẹta, ìjọ kan ní Amùkòkò ni ó ń lọ. Òun àti Màmá kì í gbọ́ ara wọn yé lórí ariwo àdúrà, nítorí Mùsùlùmí ni Màmá, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan bíbo ara, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ilé tó bá rí báyìí kì í ṣàìbí ọmọ abìjà. Àwọn ọmọ ilé wa burú. Olórí wọn ni ọmọbìnrin awakọ̀ tírélà kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ́ nígbà tó ń gun ògiri. Bàbá rẹ̀ kì í sábà sí nílé. Bí kò bá sí ní ojú ọ̀nà Òkè Ọya, ó wà nínú ìlà tírélà tó ń dúró láti wọ èbúté. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mú irin agboòrùn kan tó ti bàjẹ́, wọ́n tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀, wọ́n so ó mọ́ orí igi gígùn. Bí ènìyàn bá wọ balùwẹ̀, tí wọ́n gbọ́ tí omi ń ta, wọn yóò yọ́ dé ẹ̀yìn páànù, wọn yóò fi irin náà kọ́ aṣọ, aṣọ á sì fò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀ràn dé nìyẹn. Ẹni tó wà nínú kò lè jáde. Ẹni tó wà níta kò lè sún mọ́ ọn, nítorí aṣọ kò sí lókè láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé lọ́jọ́ tí wọ́n mú díákónì.

"Ẹ̀yin ọmọ àl... ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run yìí, ẹ dá ṣòkòtò mi padà! Ọṣẹ wà lójú mi!"

"Díákónì, ẹ kọrin kan fún wa ná."

"Orin wo? Orin ìjọ?"

"Rárá o. Èyí tí ẹ máa ń kọ tí ẹ bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́."

Láti inú páànù, díákónì bẹ̀rẹ̀ orin àwọn ọlọ́tí kan tí n kò gbọ́ láti ìgbà èwe mi, ohùn rẹ̀ sì dùn. Obìnrin Ìjọ̀ kan tó bá wa gbé ilé náà, tó ń yan ẹja ní ẹ̀yìn ilé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbè sẹ́yìn ìwà ìbàjẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ti dákẹ́ fún arúgbó, ariwo ọmọ kò jìnnà sí oúnjẹ.

Ẹni méjì péré ni wọn kò fa aṣọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀: Màmá Onílé, nítorí ẹ̀rù, àti èmi, nítorí mo ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àmúrelé nírọ̀lẹ́, tí wọ́n fi ń pè mí ní Bàbá Ìwé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, ẹ̀rù yẹn kúrò lára wọn.

Ohun tí ọmọbìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n kọ́ ìró Màmá, ìró sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn bá a wá. Àkísà kan ni, wọ́n ká a, wọ́n rán okùn mọ́ ọn ní ìhà méjèèjì bí ohun tí ènìyàn ń so mọ́ ara. Ó ti rin, ó ní àwọ̀ omi èérí àti ẹ̀jẹ̀, ó sì ń rùn. Àwọn ọmọ yòókù sá. Òun dúró, nítorí ohun tó bà á lẹ́rù ni pé Màmá kò pariwo. Ó ń retí èpè, ó ń retí ata. Ohùn kékeré kan ló gbọ́ láti inú balùwẹ̀.

"Ta nìyẹn? Ṣé ìwọ awakọ̀ ni?" Bí Màmá ṣe máa ń pè é nìyẹn, nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

"Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Bá mi gbé e wá, ọmọ mi. Àkísà yẹn ni kó o kọ́kọ́ gbé wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Ó tú okùn ìlẹ̀kùn, ó na ọwọ́ wọlé, ó sì rí egbò kan lára Màmá. Màmá tètè fi ọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n ó ti rí i. Màmá ní eéwo ni, pé ó ń san. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Màmá ra pọ́fùpọ́fù fún gbogbo ọmọ inú ilé, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

"Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe eéwo," ni ọmọ náà sọ fún mi. Ó mú ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá, kò ṣí i. "Bàbá, tí egbò bá ń rùn, tí inú rẹ̀ le bí òkúta, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Níbo ni egbò náà wà?"

Kò lè sọ. Màmá ti fi ata lé ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka kan àpò ẹ̀wù ilé-ìwé rẹ̀ ní ìhà òsì, ó sì wo ojú mi bóyá ó ti yé mi. Ó yé mi. Bí àbúrò ìyá mi obìnrin ṣe kú nìyẹn, ní abúlé, nígbà tí èmi náà kò ju ọmọ yẹn lọ.

Ẹni tó bá ka èyí lè ní, kí ló le níbẹ̀, kí arúgbó lọ bá arúgbó kó sì sọ̀rọ̀. N óò sọ bí ó ṣe le. Ọkùnrin kì í dárúkọ ọmú obìnrin tí kì í ṣe aya rẹ̀, pàápàá fún obìnrin náà, pàápàá nínú ilé obìnrin náà, bí irun orí àwọn méjèèjì bá tilẹ̀ ti funfun. Mo lọ bá a ní pálọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìhà òwe.

"Màmá, àwọn àgbà ní èéfín kì í ṣeé pamọ́."

"Ta ló ń dáná, Bàbá Ìwé?"

"Mo ń béèrè àlàáfíà yín ni."

"Alhamudulilahi."

"Ara, ṣé ó le? Mo mọ dókítà kan, obìnrin ni, obìnrin ni yóò rí yín, kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀..."

Ó wò mí. Mo rí i pé ó mọ̀ pé mo mọ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àwọn tírélà, pé wọ́n ti fọ́ títì ọlọ́dà tó wà níwájú ilé, pé ìjọba kò rí wọn mú. Ó sọ ọ́ títí tí mo fi dìde.

Mo lọ bá ọmọ rẹ̀, alága. Ó gbọ́ mi dé ibì kan, ó sì gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná. Báwo lẹ ṣe mọ ohun tó wà lára ìyá mi?"

"Ọmọ kan ló rí i."

"Ọmọ kan. Ọmọ kan yọjú wo ìyá mi ní balùwẹ̀, ó wá ròyìn fún yín, ẹ̀yin náà jókòó, ẹ gbọ́ ọ?"

"Alága, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ ti dàgbà jù fún irú ọ̀rọ̀ báyìí."

Kò wò mí lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú tì í fún mi.

Àwọn ọmọ náà ti ń tẹ́tí ní ẹ̀yìn fèrèsé. Ọmọ awakọ̀ bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ó ní, "Bàbá, wọn ò gbọ́ tiyín. Ẹ fi wọ́n lé wa lọ́wọ́." Mo rò pé eré ọmọdé ni.

Eré ọmọdé náà ni. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí ìpàdé ilé bọ́ sí ni, nígbà tí gbogbo àgbà ti kó àga síta, tí Màmá sì ti jókòó sí àárín lórí àga onírọ̀rí rẹ̀. Àwọn ọmọ sábà máa ń ṣe tíátà lórí pèpéle iwájú ilé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fura. Ọmọkùnrin kan so okùn sọ́rùn, ó di dókítà. Ọmọ awakọ̀ ró ìró ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Màmá ni. Ìrìn yẹn jọ ọ́ débi pé Màmá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, kí ló ń ṣe yín?" ni dókítà béèrè.

"Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan, ẹ wá wá mi?"

"Mo ní kí n yà kí ọ ni."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín.

"Níbo ló ń dùn yín?"

"Ibẹ̀ yẹn."

"Ibẹ̀ yẹn wo? Ṣé orúnkún ni?"

"Ó tì."

"Ṣé etí ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé etí ló ń jẹ́ ibẹ̀ yẹn?"

Díákónì ń fi aṣọ nu omijé ẹ̀rín. Dókítà wá ju ọwọ́ sókè. "Màmá! Ọmú ni! Ẹ sọ pé ọmú ni kí n lè tọ́jú yín, àbí ẹ fẹ́ kú?"

Ẹ̀rín náà dúró bí ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá lọ. Ọmọ awakọ̀ fi ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù rẹ̀, ó fa àkísà kan yọ tí wọ́n ti fi epo pupa pa, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. Kò ṣeré mọ́. Ó kọjú sí alága.

"Irú èyí ni Màmá ń so mọ́ra. Mo rí i. Ó ń rùn. Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, ó gbá a létí. Alága ti dìde. "Ta ló kọ́ wọn? Ta ló kọ́ àwọn ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ rírùn yìí?" Díákónì ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, pé ó wà nínú fóònù tí àwọn ọmọ ń wò. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń sọ nípa yíyọjú, wọ́n ń sọ nípa ẹnu, nípa irin agboòrùn, nípa ọmọ tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Kò sẹ́ni tó sọ nípa egbò.

Obìnrin Ìjọ̀ ló kọ́kọ́ kígbe. "Pikin no dey lie this kain lie! Make una ask Mama!"

Ariwo rọlẹ̀. Mo dìde, mo di orí àga mú. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. A kò ní kí ẹ fi han ẹnikẹ́ni níbí. Ẹ sáà ní bẹ́ẹ̀ ni, a ó sì dìde lọ."

Obìnrin Ìjọ̀ sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mama, make only me and you enter room."

Gbogbo ilé ń wo Màmá. Ó wo obìnrin náà bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ra sílẹ̀ lójú ọjà. Ó tún ìró rẹ̀ fún mọ́ àyà, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tí etí ìró náà kan ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ ketekete.

"Irọ́ ni. Ara mi le."

Ó tán. Ìyá sọ pé irọ́ ni. Ta ni yóò tún sọ̀rọ̀?

Ohun méjì ni ìpàdé náà pinnu. Pé kí awakọ̀ tírélà àti ìdílé rẹ̀ kó jáde kí oṣù tó parí. Pé kí wọ́n wó balùwẹ̀ páànù, kí wọ́n fi bílọ́ọ̀kù kọ́ tuntun, kí ó ga kọjá orí ènìyàn, kí ó ní ìlẹ̀kùn irin tí a ń há láti inú. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. N kò rí ìpinnu kankan tí ilé yẹn yára ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ alága nípa òrùlé tó ń jò.

Awakọ̀ náà ti ojú ọ̀nà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú alága. Mo bá a bẹ̀. Alága ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, pé nítorí àwọn ọmọ yòókù ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kó jáde, ọmọ náà jókòó sórí mátírẹ́ẹ̀sì wọn nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Màmá kò jáde. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di aṣọ fèrèsé mú.

Balùwẹ̀ tuntun dára, n kò lè purọ́. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Àáfà kan láti mọ́sálásí ṣe àdúrà, díákónì ṣe tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ jẹ mọ́ínmọ́ín nídìí rẹ̀. Kò sí ihò, kò sí páànù tí aṣọ yóò fì lórí rẹ̀. Ènìyàn lè wọ inú rẹ̀ kí ó há ìlẹ̀kùn kí ayé má sì mọ bóyá ó wà láàyè. Màmá ló ń pẹ́ jù níbẹ̀. Lóṣooṣù ni ó ń rù sí i, lóṣooṣù ni lọ́fínńdà rẹ̀ ń pọ̀ sí i, títí ó fi di pé a mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí ó tó yọ lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́fínńdà náà, òórùn kejì wà. Gbogbo wa ń gbọ́ ọ. A ń kí i, a ń bi í léèrè ọmọ, a ń bi í léèrè oorun. Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í da ìzáàlì, oògùn apakòkòrò, sí gọ́tà, wọ́n ní gọ́tà ló ń rùn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú. Ó ti pẹ́ nínú balùwẹ̀, obìnrin Ìjọ̀ sì ń kan ìlẹ̀kùn, kò dáhùn. Ìlẹ̀kùn irin náà lágbára bí wọ́n ṣe fẹ́ kó lágbára. Wọ́n pe ajórin-mọ́rin láti ìta, ó fi ẹ̀rọ gé e. Àwọn ọkùnrin sáré wọlé, wọ́n sì tún sáré jáde, wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ mú aṣọ wá! Ẹ mú aṣọ wá!" Wọ́n dúró nínú òjò, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí i, títí aṣọ fi dé.

Dókítà tó rí i kò dàgbà ju ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ. Yorùbá tó mọ́ ni ó ń sọ. Ó pe èmi àti alága sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ní, "Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró." Nígbà tó dárúkọ ọmú, alága wo bàtà ara rẹ̀.

"Ta ló ń gbé pẹ̀lú wọn?"

"Gbogbo wa ni," ni alága wí.

"Kò sẹ́ni tó rí i?"

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ì bá yè, ká ní a ti gbé e wá nígbà ọyẹ́ ọdún tó kọjá. Ó ní òun kò lè búra. Ó ní bóyá. Ó wá ní kí a máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n máa fún un ní oògùn ìrora.

Mo lọ kí i kó tó kú. Aṣọ ẹnu ọ̀nà wà nílẹ̀, ó gbọ́ ìró ọ̀pá mi.

"Bàbá Ìwé, ẹ má tíì wọlé. Mi ò wọṣọ dáadáa."

Mo gbé àga sí ìta, mo jókòó. Bí a ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, aṣọ wà láàárín wa.

"Ọmọ yẹn kò parọ́," ni ó wí.

"Mo mọ̀, Màmá."

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, kò ju ẹ̀wà lọ. Mo ní á lọ." Ó sinmi, mo gbọ́ èémí rẹ̀. "Ọkọ mi, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, ó bí gbogbo ọmọ mi, kò rí ara mi rí. Inú òkùnkùn ni. Bí ìyá mi ṣe ní kí n ṣe nìyẹn. Ta ni mo wá fẹ́ ṣí i hàn? Ọmọ mi ọkùnrin?"

"Àwọn obìnrin inú ilé ńkọ́?"

"Àwọn tí mo ti ń lù lẹ́nu láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, pé kí wọ́n bo ara?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á lẹ́nu. Nígbà tí ikọ́ náà lọ, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní nọ́ńbà bàbá ọmọ náà? Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé kó má bínú."

"N óò pè é lónìí."

"Ẹ ṣé." Lẹ́yìn náà, bí mo ti ń dìde: "Ẹ má dárúkọ ibẹ̀ yẹn lórí fóònù o. Ẹ kàn ní Màmá ní kó má bínú. Á ti yé e."

Mo pè lọ́jọ́ náà, fóònù kò wọlé. Mo tún pè lọ́jọ́ kejì. Awakọ̀ wà lójú ọ̀nà Òkè Ọya ni, níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí ó tó padà, Màmá ti kú, wọ́n sì ti sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe. Àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ jáde síta, wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n tún un fọ̀. Alága dúró níwájú àwọn èrò, ó dúpẹ́, ó ní àìsàn ránpẹ́ ló mú ìyá òun lọ. Gbogbo wa ṣe àmín.

Àwọn ọmọ ilé wa jẹ́ẹ́ báyìí. Àlejò tó bá wá máa ń yìn wọ́n, pé wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọn kì í sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kì í bi mí ní ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìwé wọn.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù mi dún. Mo rò pé awakọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ náà ni.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ pe bàbá mi."

"Mo pè é. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Màmá Onílé ní kí o má bínú."

Mo ń gbọ́ ìró ọjà lẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n ti lọ rí dókítà?"

"Wọ́n lọ."

"Ṣé ara wọn ti yá?"

Mo ní rárá. Mo ní Màmá ti kú.

"Kí ni wọ́n ní ó pa wọ́n?"

"Wọ́n ní àìsàn ránpẹ́ ni."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ìyẹn?"

Mo ní rárá, mo ní èmi náà ṣe àmín. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá," bí àgbà ti í wí nígbà tí kò bá retí nǹkan kan mọ́, ó sì gbé fóònù fún bàbá rẹ̀.